Pákó Méjì Nítorí Lẹ́tà

Ní Kétu, ní àwọn ọdún díẹ̀ tó tẹ̀lé ìgbà tí àwọn Faransé ká àsíá wọn kúrò, èmi nìkan ni mo ń fi lẹ́tà kíkọ jẹun. Mo ń kọ orúkọ sí ara ògiri ilé ìtajà, sí iwájú ilé aránṣọ, sí ara ilẹ̀kùn ilé ìwòsàn, àti sí ara kámíyọ̀ tó ń kó àgbàdo. Wọ́n mọ̀ mí sí ẹni tí èékánná rẹ̀ kì í mọ́. Màmá mi kì í jẹ́ kí n fọwọ́ kan gàrí òun. Mo sọ fún un títí pé ọ̀dà tó ti gbẹ kì í ran gàrí, kò gbà.

Mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lórí oríṣi lẹ́tà kan àti ohun tó fi àbúrò mi ṣe. Kí n kúkú sọ òótọ́: ohun tí èmi fi lẹ́tà náà ṣe fún un. Gbogbo àwọn tí ọ̀rọ̀ náà lè dùn ti kú tán, ìdí nìyẹn tí mo fi lè sọ ọ́. Ojo ni mí nígbà náà, ojo náà ni mí di òní.

Àwọn olùkọ́ míṣọ́nnì ní Pọ̀bẹ̀ ló kọ́ mi ní lẹ́tà. Lẹ́tà tiwọn dúró ṣánṣán, ó ní ẹsẹ̀ kéékèèké nísàlẹ̀ bíi ti àpótí ìjókòó, ó tẹ́ẹ́rẹ́ níbì kan, ó nípọn níbòmíràn. Lẹ́tà ọmọlúàbí ni. Ó kéré, kì í gba àyè, ẹni tó bá fẹ́ kà á ní láti súnmọ́ ọn. Ọ̀pọ̀ ọdún ni mo fi kọ ọ́ láìro nǹkan kan. Lọ́jọ́ kan ni oníṣòwò kan ju páálí bátìrì tó ti ṣófo sí ẹ̀yìn ilé ìtajà rẹ̀, páálí tó wá láti Kútọnu, mo sì rí orúkọ tí wọ́n tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Lẹ́tà náà sanra. Kò ní ẹsẹ̀ kankan: ibi tí wọ́n gé e sí, ibẹ̀ ló parí sí. Ìnípọn rẹ̀ dọ́gba láti òkè délẹ̀. Gbogbo rẹ̀ sì fì síwájú, bí ẹni tó ru ẹrù tó ń gun òkè, tó mọ̀ pé tí òun bá dúró, òun á ṣubú sẹ́yìn.

Mo gé ẹ̀gbẹ́ páálí náà, mo gbé e lọ sílé, mo fi sábẹ́ ẹní mi. Àwọn ẹgbẹ́ mi ń fi fọ́tò ọmọge sábẹ́ ẹní tiwọn. Èmi fi páálí bátìrì.

Ẹni tí kò bá kọ ọ́ rí á rò pé kí a kàn ti lẹ́tà tó dúró ni, kí ó fì. Irọ́ ni. Tí o bá ti O bẹ́ẹ̀, á di ẹyin tó fẹ́ yí kúrò nínú ìtẹ́. Lẹ́tà A náà ní ìyọnu tirẹ̀: ẹsẹ̀ rẹ̀ òsì á fẹ́ sùn sílẹ̀, ti ọ̀tún á dúró gbọnin, ojú á sì máa sọ fún ọ pé o ti ṣì í kọ nígbà tí o kò ṣì í. Inú B ló fi ojú mi rí màbo jù. Bí mo ṣe ń mú un sanra ni ihò méjèèjì ń dí, títí á fi dà bí iṣu tí wọ́n kùn ní ọ̀dà. Mo gé ọparun pẹlẹbẹ kan ní gẹ̀rẹ́, òun ni mo ń gbé lé ara ògiri kí gbogbo lẹ́tà lè fì bákan náà. Ó lé ní ọdún kan kí n tó kọ èyí tí n kò ní fẹ́ pa rẹ́.

Ohun tó ṣòro jù ni gíga. Lẹ́tà tó sanra tó sì fì, tí kò bá ga, ọ̀pọ̀lọ́ tí táyà tẹ̀ ló máa ń jọ. Ó ń fẹ́ àyè lókè. Ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí òun ló bà wá jẹ́.

Lára kámíyọ̀, ó tún ní ìṣòro mìíràn. Tí o bá dúró lápá ọ̀tún ọkọ̀, tí o dojú kọ ọ́, ọwọ́ ọ̀tún rẹ ni orí ọkọ̀ wà, lẹ́tà sì ń fì síbi tí ọkọ̀ ń lọ. Tí o bá bọ́ sí apá òsì, orí ọkọ̀ ti wà lọ́wọ́ òsì rẹ, lẹ́tà kan náà á wá máa fì sẹ́yìn, bí ọmọ tí wọ́n ń wọ́ lọ sí lékọ́ọ̀lù, ilé ìwé Faransé. Nítorí náà mo máa ń yí ọparun mi padà lápá òsì, kí lẹ́tà ẹ̀gbẹ́ méjèèjì lè jọ máa sáré síwájú. Kò sí oníbàárà tó bẹ̀ mí kí n ṣe bẹ́ẹ̀, kò sì sí èyí tó rí i. Àbúrò mi nìkan ló rí i.

Ọmọ ìyá mi ni. Fòfó ló ń pè mí, bí a ṣe ń pe ẹ̀gbọ́n ọkùnrin ní agbègbè wa. Ó pẹ́ tó fi ń bá ẹlòmíràn wa kámíyọ̀, ó sì ń fẹ́ tirẹ̀. Bàbá wa ti kú, ó fi ilẹ̀ kan sílẹ̀ fún wa tí igi ọ̀pẹ wà lórí rẹ̀, ilẹ̀ náà ni gbogbo ohun tí a ní. Àbúrò mi ní kí a tà á, kí a fi ra ọkọ̀. Màmá mi kọ̀. Ó ní, "Ilẹ̀ ò ní táyà tó máa bẹ́." Ó sọ ọ́ láàárọ̀, ó sọ ọ́ lọ́sàn-án. Ṣùgbọ́n èmi ni dáódù, bí mo bá ní kí wọ́n tà á, wọ́n á tà á. Mo ní kí wọ́n tà á. N kò ní purọ́ pé ire àbúrò mi nìkan ni mo ń rò. Mo ti rí kámíyọ̀ náà lọ́kàn mi, mo sì ti rí ohun tí mo máa kọ sí ara rẹ̀.

Báyìí ni ilẹ̀ bàbá wa di ògbólógbòó kámíyọ̀ kan tí ara rẹ̀ jẹ́ pákó. Bí nǹkan bá ṣe ọkọ̀ náà, ó ku yàrá méjì àti oko gbágùúdá màmá mi. Gbogbo wa la mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Àbúrò mi fúnra rẹ̀ ló mú orúkọ tí a máa kọ: ILÉ LÀBỌ̀. Ó ní kí n kọ ọ́ kí ọkọ̀ tó jáde ní ọjọ́ ọjà. Mo yí ọkọ̀ náà po. Pákó mẹ́ta ló wà ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, ọ̀kan lórí èkejì, irin pẹlẹbẹ sì di pákó òkè mú mọ́ ti ìsàlẹ̀. Àyè tó wà lára pákó kan ṣoṣo kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Bí mo bá kọ lẹ́tà mi síbẹ̀, ọ̀pọ̀lọ́ ló máa jẹ́, bí mo bá sì mú un ga, irin á gbà á láàárín kọjá. Mo ránṣẹ́ pe gbẹ́nàgbẹ́nà wa, bàbá arúgbó kan tí pẹ́ńsùlù kì í kúrò létí rẹ̀. Mo ní kí ó fi pákó méjì fífẹ̀ kún òkè ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, kí ó má fi irin sí i lójú.

Àbúrò mi ní, "Fòfó, ẹ̀gbẹ́ yìí ti tó. Ẹrù tó kún un báyìí ni agbára rẹ̀ mọ."

Mo ní, "Kì í ṣe fún ẹrù. Fún orúkọ ni."

Gbẹ́nàgbẹ́nà fi ọwọ́ wọn ibi tí mo tọ́ka sí. Ó ní, "Ta ló máa wá sọ fún àgbàdo pé kì í ṣe tiẹ̀?"

Mo ní, "Bàbá, ẹ bá wa kan pákó."

"Igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó," ni ó wí. Ó wo àbúrò mi, ó ń dúró. Lọ́dọ̀ wa, àbúrò lè sọ èrò rẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n lẹ́ẹ̀kan. Bí ó bá sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì níwájú àlejò, ó ti ń bú u nìyẹn. Àbúrò mi ti sọ tirẹ̀. Ó wolẹ̀, ó ní, "Fòfó ti sọ̀rọ̀." Wọ́n ní ohun tí àgbà fi ìjókòó rí, bí ọmọdé gun igi, kò lè rí i. Lọ́jọ́ yẹn, ọmọdé dúró nílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó rí i, àgbà ló fọ́jú.

Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi kọ ọ́. Mo kọ ọ́ ní pupa lórí funfun, mo sì fi òjìji dúdú sí i nísàlẹ̀. Lẹ́tà kọ̀ọ̀kan gba ara pákó méjèèjì, ìdajì rẹ̀ lórí tòkè, ìdajì lórí tìsàlẹ̀. Ihò inú B ṣí, O kò yí. Nígbà tí mo parí, àbúrò mi yí ọkọ̀ náà ká. Ó dúró lápá òsì, ó padà sí apá ọ̀tún, ó tún bọ̀ sí òsì.

Ó ní, "Ẹ ti yí i padà. Méjèèjì ló ń lọ."

Ìyìn tó dùn mọ́ mi jù láyé mi nìyẹn, ó sì ṣì ń dùn mọ́ mi, ohun tó ń bí mi nínú sí ara mi nìyẹn.

Fún oṣù mélòó kan, ayé dára. Láti ibi tí ọ̀nà ti yà ni ènìyàn ti ń rí ILÉ LÀBỌ̀ bọ̀, kódà ẹni tí kò mọ ìwé mọ̀ pé òun ni. Oníbúrẹ́dì ní kí n wá kọ irú rẹ̀ sí ilé òun. Aránṣọ ní òun fẹ́. Mo mú gbogbo ìlú fì síwájú. Mo ń rìn lójú títì bí ẹni pé èmi ni mo bí ojú títì.

Àbúrò mi ń kó àgbàdo láti Idigny. Níbẹ̀rẹ̀, ó ń di ẹrù mọ ibi tí pákó àtijọ́ dé. Ṣùgbọ́n àwọn obìnrin alágbàdo ń wòkè, wọ́n ń rí pákó méjì tó ṣófo. "Ṣọfẹ́ẹ̀, àyè ṣì wà," ni wọ́n ń wí, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe máa ń pe awakọ̀. Ó bá wọn jà lọ́jọ́ kìíní, ó bá wọn jà lọ́jọ́ kejì. Wọ́n ní ṣé ó rò pé àwọn kò lójú ni. Kò sí bí ó ṣe lè ṣàlàyé fún obìnrin tí àgbàdo rẹ̀ ń jẹrà nílẹ̀ pé orúkọ ló ni àyè yẹn. Kò pẹ́, àpò ti dé ẹnu pákó òkè, àwọn obìnrin sì ń jókòó lórí àpò.

Ó wá bá mi nílé lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Ó jókòó, ó ń yí fìlà rẹ̀ lọ́wọ́.

Ó ní, "Fòfó, ọkọ̀ yẹn ń fì tí mo bá yà. Ó dà bí ẹni pé ó fẹ́ dùbúlẹ̀. Mo ní ṣé kí a yọ pákó òkè nìkan, bóyá àwọn alágbàdo á fi mí sílẹ̀."

Pákó òkè ló gbé ìdajì lẹ́tà mi. Mo rí i lójú mi bí ó ṣe máa rí: I tí kò ní orí, B tó di agbọ̀n. Mo ní, "Ìwọ lo ni ọkọ̀. Ṣé o kò lè sọ fún obìnrin pé ó tó ni?"

Ẹ̀ẹ̀kan náà ló sọ ọ́. Ó dìde, ó ní òun ti gbọ́. Lọ́jọ́ kejì mo rí ọkọ̀ náà tó kọjá níwájú mi, ó sì fì lóòótọ́ níbi tó ti ń yà. Mo rẹ́rìn-ín. Mo sọ fún aránṣọ tí mo ń bá ṣiṣẹ́ pé kámíyọ̀ ti ń kọ́ ìwà lẹ́tà mi. Ọ̀rọ̀ yẹn ti ẹnu mi jáde, ẹyin sì ni.

Ọkọ̀ náà dojú dé ní ọ̀nà Idigny nígbà òjò, níbi tí omi ti jẹ ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà. Kò sáré. Gbogbo ẹni tó rí i ló ní kò sáré. Táyà òsì kan rì, ọkọ̀ náà sì rọra lọ dùbúlẹ̀, bí àbúrò mi ṣe sọ fún mi. Obìnrin méjì tó wà lórí ẹrù bọ́ sábẹ́ rẹ̀. Wọ́n kú kí ẹnikẹ́ni tó lè gbé àpò kúrò lára wọn. Àbúrò mi jáde láìní ju ọgbẹ́ kan lọ níwájú orí.

Mo gun kẹ̀kẹ́ débẹ̀. Ọkọ̀ náà sùn lé apá òsì, apá ọ̀tún kọjú sókè. Kí n sọ ohun tí mo kọ́kọ́ rí. N kò kọ́kọ́ rí àwọn obìnrin náà, tí wọ́n ti fi aṣọ bò, bẹ́ẹ̀ ni n kò kọ́kọ́ rí ọmọ ìyá mi tó jókòó sínú ẹrẹ̀. Lẹ́tà ni mo kọ́kọ́ rí. Mo wò ó láti I dé O, mo sì rí i pé ọ̀dà rẹ̀ kò bó rárá. Ọkàn mi balẹ̀ fún ìwọ̀n ìgbà tí ènìyàn fi ń mí ẹ̀ẹ̀kan. Mo ti gbìyànjú láti dárí ìyẹn ji ara mi, n kò rí i ṣe.

Jandáàmù, ọlọ́pàá ìjọba, dé, òun àti ògbufọ̀ rẹ̀. Ó fi okùn ìwọ̀n wọn ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀, ó rí i pé pákó méjì òkè kì í ṣe ti àtijọ́. Ó béèrè ní Faransé pé ta ló gbé ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ ga báyìí. Mo gbọ́ Faransé, àbúrò mi kò gbọ́ tó bẹ́ẹ̀. Nítorí náà mo gbọ́ ìbéèrè náà kí wọ́n tó túmọ̀ rẹ̀, mo ní àyè díẹ̀ tí òun kò ní. Mo fi gbogbo àyè náà wo bàtà mi.

Ògbufọ̀ túmọ̀ rẹ̀. Àbúrò mi ní, "Èmi ni. Èmi ni mo ni ọkọ̀."

Gbẹ́nàgbẹ́nà wà láàárín èrò. Ó wò mí. Ó ń retí kí n sọ̀rọ̀, nítorí ohun tí dáódù kò bá sọ, kì í ṣe ẹnu àjèjì la ti ń gbọ́ ọ. Nígbà tí kò gbọ́ nǹkan kan, ó yí padà, ó ń lọ sílé. Títí ó fi kú, ó ń kí mi, mo ń kí i, kò sì jókòó sí ilé mi mọ́.

Ọdún méjì ni wọ́n fi àbúrò mi sẹ́wọ̀n, wọ́n sì gba pẹ̀mí ìwakọ̀ rẹ̀. Irin ọkọ̀ náà lọ fún ẹni tó ń ra irin. Màmá mi lọ sí Idigny láti lọ kúnlẹ̀ fún ẹbí àwọn olóògbé, mo bá a lọ, mo kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Wọ́n gbà wá tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, wọ́n fún wa lómi. Lọ́nà tí a ń bọ̀, màmá mi ní, "Mo mọ̀ pé eré ló ń sá. Ọmọ yẹn kì í gbọ́ràn." Mo lè dá a lóhùn níbẹ̀, àwa méjì péré, lójú ọ̀nà. Mo bá a gbé agbọ̀n rẹ̀ ni. Ó kú pẹ̀lú èrò yẹn lọ́kàn nípa ọmọ rẹ̀, kí ọmọ náà tó jáde lẹ́wọ̀n.

Kó tó kú, ó ti sọ àwọn pákó wa di nǹkan, nítorí kì í fi nǹkan ṣòfò. Èyí tó gbé orí lẹ́tà di ilẹ̀kùn ilé ewúrẹ́. Èyí tó gbé ìdí rẹ̀ di ìjókòó ní ilé ìdáná. Kò sí ẹni tó lè kà á mọ́ àfi èmi, mo sì ń kà á ní àràárọ̀ tí mo bá tú ewúrẹ́ sílẹ̀.

Àbúrò mi jáde, ó gbẹ bí ẹja. Ó gba iṣẹ́ alágbàṣe lórí ilẹ̀ ọ̀pẹ tó ti jẹ́ ti bàbá wa, ó ń ro ó fún ẹni tó rà á. Kò bá mi jà. Fòfó ló ṣì ń pè mí. Mo máa ń bẹ Ọlọ́run pé kí àbúrò mi bú mi, kí n lè rí ibi bẹ̀rẹ̀. Kò bú mi. Mo ti fi lẹ́tà fífì sílẹ̀ nígbà náà, àmọ́ kò sí ẹni tó bi mí ìdí rẹ̀, nítorí ilé iṣẹ́ ní Kútọnu ti ń fi ẹ̀rọ tẹ irú rẹ̀ jáde, ó dọ́gba ju tèmi lọ.

Lẹ́yìn tó ti ṣiṣẹ́ fún bí ọdún kan, ó wá bá mi. Ó ní òun ti ra sìmẹ́ńtì, òun fẹ́ fi ṣe ibojì àwọn obìnrin méjèèjì, ẹbí wọn ti gbà. Ó ní kí n wá kọ orúkọ wọn. Ó wo ojú mi, ó ní, "Kí ó dúró ṣánṣán, Fòfó."

A lọ sí Idigny. Ó po sìmẹ́ńtì, ó tẹ́ ẹ, a dúró kí ó gbẹ. Mo mú pẹ́ńsùlù, mo fa ìlà, mo kọ lẹ́tà àwọn olùkọ́ mi láti Pọ̀bẹ̀, lẹ́tà kékeré ẹlẹ́sẹ̀, ní dúdú. Ó ti pẹ́ tí mo kọ ọ́ kẹ́yìn, ọwọ́ mi kò sì gbàgbé rẹ̀. Orúkọ ìkínní, orúkọ èkejì. Ó mọ́, ẹnikẹ́ni lè kà á.

Àbúrò mi bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó na ọwọ́ rẹ̀ sí òkè lẹ́tà, kò jẹ́ kí ó kan ọ̀dà, ó wọn gíga rẹ̀ láti orí dé ẹsẹ̀. Kò ju àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ lọ. Ó fi ọwọ́ náà síbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀.

Ó ní, "Ẹ ti mọ irú èyí kọ tẹ́lẹ̀?"

Mo ní, "Òun ni mo kọ́kọ́ mọ̀."

Ó mi orí. Ó dìde, ó nu sìmẹ́ńtì kúrò lórúnkún rẹ̀.

Ó ní, "Pákó kan ì bá gbà á."